Ilé Onítáyà Tó Gbà Mí Lọ́wọ́ Ọ̀gá Kàmọ́rù

Orúnkún mi ló ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ọkàn mi. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éésì, kọ́ ara ògiri gbọ́dọ̀ lè gun àkàsọ̀ láràárọ̀, orúnkún tèmi sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Mo ti kó irinṣẹ́ sílẹ̀. Iwájú ilé wa ní Ìgandó ni mo máa ń jókòó sí báyìí, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò a sì máa wá bá mi pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo ló dáa ká kọ́?" Àwọn ìyá wọn ló ń rán wọn wá, mo mọ̀. Mi ò lè sọ iṣẹ́ tó dáa jù lọ láyé. Èyí tí mo ṣe ni mo mọ̀, òun náà ni màá sọ, kí kálukú mú èyí tó bá wù ú níbẹ̀.

Mi ò tètè bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ni mo ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi, nídìí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń gbọ̀n látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí a fi ń pariwo bá ara wa sọ̀rọ̀ kódà nígbà tí a bá délé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, kò sẹ́ni tó sọ fún wa. A kàn débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, a bá ṣéènì lẹ́nu géètì. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà yẹn. Ìyàwó mi, Ìyá Ráfíù, ń ta aṣọ ọmọdé ní Ìkọ̀tún, òun ló ń bọ́ gbogbo wa, kò sì fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. Òun ló sọ fún mi pé àwọn èèyàn ń ya wá kọ́lé sí agbègbè wa bí omi, àti pé kò ní pẹ́ tí gbogbo wọn á fi máa wá éésì.

"Ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ éésì jàre," ó ní. "Ooru ò ní tán nílẹ̀ yìí."

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Kàmọ́rù ní Ìkọ̀tún nìyẹn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, pẹ́lẹ́ńgẹ́ èèyàn tó mọ́ tónítóní, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Ibẹ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n wà, torí ọ̀gá kì í bọ̀wọ̀ fún ọmọ iṣẹ́, ọmọ tí wọ́n bá sì tọ́ dáadáa ò lè fojú di ẹni tó tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó fún mi ní àga, ó ní:

"Bàbá Ráfíù, ilé ire ni mo ti wá. Mi ò lè máa pè yín ní 'ìwọ'. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá ṣe nǹkan tí ò dáa, màá bú yín."

Mo ní mo gbà. Mi ò mọ ohun tí mo gbà. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ má bínú o, Bàbá Ráfíù, ṣé orí yín pé báyìí?" "Ẹ dákun, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ọ̀lẹ!" Ó lè tẹríba kí mi láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti fi èébú wẹ̀ mí látòkè délẹ̀, àwọn oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ká mi lára gan-an. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo délé tí mi ò lè jẹun. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé èébú ọ̀gá mi kì í kọjá ẹnu iṣẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe àwàdà pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó ń bí i nínú jù lọ ni páìpù tó bá wọ́. Éésì tí a ń wí yìí, apá méjì ló ní. Ọ̀kan wà nínú yàrá, ó ń fẹ́ òtútù. Èkejì wà níta, ó ń tú ooru dànù. Páìpù bàbà méjì ló so wọ́n pọ̀, inú wọn ni gáàsì ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀. Òfin Ọ̀gá Kàmọ́rù ni pé páìpù náà gbọ́dọ̀ tọ́ lára ògiri ṣangílítí. Ó máa ń ta okùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, á fi ojú kan wò ó, á tún fi ojú kejì wò ó. Ó ní ẹni tó ń kọjá lójú títì ò lè rí òtútù inú yàrá, páìpù ara ògiri ló máa rí, òun ló máa fi mọ̀ pé Kàmọ́rù ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Mo rántí ilé kan ní Ẹ̀gbẹ́dà. Mo ti parí iṣẹ́, yàrá ti tutù, onílé ti wọṣọ òtútù, ó ń dúpẹ́. Ọ̀gá mi dé, ó ta okùn rẹ̀.

"Bàbá Ráfíù, ẹ wá wò ó. Ẹ wo ibí yìí. Kí lèyí?"

"Ó wọ́ díẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Ó wọ́ díẹ̀! Ṣé tí wọ́n bá rán ṣòkòtò yín tí ẹsẹ̀ kan kúrú díẹ̀, ẹ máa wọ̀ ọ́ ni? Ẹ tú u!"

Onílé bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò rí ohun tó ṣe páìpù náà. Ọ̀gá ní kó má bínú, pé ojú oníbàárà yàtọ̀ sí ojú ọ̀gá. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un ṣe nínú oòrùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, tí ọ̀gá yín bá ṣe irú èyí fún yín, ẹ máa bínú, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má lọ. Títí dòní, mi ò lè kọjá lára ilé tí páìpù rẹ̀ wọ́ kí n má dúró.

Wàhálà tèmi ni pé òun kan náà ló fi dá mi dúró. Kò sẹ́ni tó lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tí ọ̀gá ò bá tíì fún un ní òmìnira, èyí tí gbogbo oníṣẹ́-ọwọ́ ń pè ní fíríìdọ̀mù. Ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ éésì á wá ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti gba tiwọn, àwọn ọmọ tí Ráfíù mi jù lọ ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìṣẹ̀rí-Olófin àti Òkè-Odò. Èmi ṣì ń gbé àkàsọ̀ tẹ̀ lé Ọ̀gá Kàmọ́rù. Tí mo bá bi í, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ọjọ́ tí páìpù yín bá tọ́ lójú mi."

Ìyá Ráfíù ò fẹ́ bá mi sọ ọ́, àmọ́ lọ́jọ́ kan kò lè mú un mọ́ra. "Ṣé ọ̀gá yín fẹ́ kẹ́ ẹ fi ewú orí kọ́ṣẹ́ títí tẹ́ ẹ máa fi kú ni?" Ojú tì mí. Mo fẹ́ gbọ́ bùkátà ilé mi fúnra mi, mo sì mọ̀ pé fíríìdọ̀mù yìí nìkan ló kù.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ irinṣẹ́ díẹ̀, torí òun làwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí jù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, òòlù àti ṣísẹ̀lì la fi ń lu ògiri. Ọwọ́ á bó, eruku á bo gbogbo ojú. Lẹ́yìn náà ni dírílì oníná dé, ohun tí a fi odidi àárọ̀ lù tẹ́lẹ̀ di ohun tí à ń ṣe kí tíì tó tutù. Láyé ìgbà yẹn, a máa ń tú gáàsì díẹ̀ jáde kó lè lé afẹ́fẹ́ inú páìpù síta. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ náà jáde dé, ẹni tí ò bá lò ó, éésì rẹ̀ ò ní pẹ́. Kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn éésì tó ń fi nọ́ńbà sọ àìsàn ara wọn ti wọ̀lú. Mo fẹ́ràn wọn. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni ọmọ iṣẹ́ tó ń wo nọ́ńbà tí kì í fọwọ́ kan páìpù. Páìpù tó bá tutù tó ń làágùn, ara rẹ̀ yá. Èyí tó bá di yìnyín, gáàsì rẹ̀ ti ń lọ. Ọwọ́ yín á sọ fún yín kí nọ́ńbà tó sọ ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Mọ́mì Tóbi.

Mọ́mì Tóbi ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó ní Ìgandó, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ fún àwọn òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà. Nígbà tí àwọn yẹn ń palẹ̀ mọ́, ó ra ọ̀kan nínú àwọn ilé onítáyà tí wọ́n ń sùn sí, irú èyí tí ọkọ̀ máa ń fà lẹ́yìn kiri. Ilé gidi ni: ó ní ilẹ̀kùn, ó ní fèrèsé, ó ní bẹ́ẹ̀dì. Mọ́mì Tóbi yọ bẹ́ẹ̀dì jù nù, ó to pákó sínú rẹ̀ láti máa gbé kéèkì sí. Ó fẹ́ máa gbé e lọ fún àwọn ìyàwó ní Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n áísìn, ìyẹn ṣúgà funfun tí wọ́n fi ń ya òdòdó sórí kéèkì, máa ń yọ́ nínú ooru. Ló bá ra éésì inú ilé tó kéré jù lọ́jà, ó ní ká gbé e sínú ilé onítáyà náà. Àwọn oníṣẹ́ éésì tó kọ́kọ́ lọ bá fi í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Kàmọ́rù ò rẹ́rìn-ín. Ó yí ilé náà ká, ó fọwọ́ lu ògiri rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ráfíù, ẹ̀yin lẹ máa ṣe èyí. Tó bá dé Abẹ́òkúta tó padà délé tó ṣì ń tutù, ẹ gba fíríìdọ̀mù yín."

Ara mi bù máṣọ. Ògiri ilé náà fẹ́lẹ́ bíi páálí bísíkíìtì, a kọ́kọ́ fi pákó tì í kó lè gbé apá ti inú. Wẹ́dà jó irin mọ́ iwájú ilé náà, níbi tí ọkọ̀ ti ń fà á, orí rẹ̀ la gbé apá ti ìta sí, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fa páìpù. Mo ta okùn, mo wò ó, mo tún un wò. Ọ̀gá dé, ó fi ojú kan wò ó, ó fi ojú kejì wò ó.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ó ní.

Mi ò gbọ́ "hẹ̀n-ẹ́n" yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹran lọ sílé.

Ọjọ́ tí kéèkì àkọ́kọ́ ń lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n ní kí n bá wọn lọ. Ọkọ Mọ́mì Tóbi ló ń wakọ̀, àwa mẹ́ta jọ jókòó síwájú, ilé onítáyà ń bọ̀ lẹ́yìn wa, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Nígbà tí a kọjá Sàngó, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa sókè, ó ń jù wá sílẹ̀. Kò jìnnà sí Ìfọ̀ ni Mọ́mì Tóbi ní, "Dádì Tóbi, ẹ dúró ná. Ọkàn mi ò balẹ̀."

Ó ṣílẹ̀kùn, ooru ló kí i káàbọ̀.

"Yéè! Bàbá Ráfíù! Ooru ni éésì yín ń fẹ́ o!"

Òdòdó ti ń yọ̀ kúrò lórí kéèkì, ọ̀kan ti fẹ̀gbẹ́ lé èkejì bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo sáré síwájú, mo fọwọ́ kan páìpù: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lọ́rùn rẹ̀, níbi tó ti wọ apá ti ìta, epo ti ń ṣàn, ìlà tín-ínrín kan bí irun orí sì wà níbẹ̀. Páìpù ti là. Gbogbo gáàsì ti lọ. Fíríìdọ̀mù mi ni mo rí tó ń yọ́ lórí kéèkì yẹn.

Mọ́mì Tóbi sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó ní ká lọ ra omi dídì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. A tò ó sínú bàsíà, a fi yí àwọn kéèkì náà ká, ó fọ ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àwọn òdòdó padà. Nígbà tí a dé Abẹ́òkúta, ó yí ẹ̀gbẹ́ kéèkì tó bàjẹ́ sí ògiri. Ìyá ìyàwó ní irú kéèkì tó rẹwà báyìí, òun ò rí i rí. Èmi ò lè gbójú sókè.

"Ẹ má banú jẹ́ jù," Mọ́mì Tóbi sọ fún mi nígbà tí à ń padà bọ̀. "Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé kéèkì Ìjẹ̀bú ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Tí éésì yẹn ò bá tutù, màá gbé àga wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí á fi tutù ni o."

Ọ̀gá Kàmọ́rù yẹ páìpù náà wò. "Ẹ ò fún nọ́ọ̀tì ọrùn rẹ̀ le dáadáa."

"Mo fún un, Ọ̀gá."

"Ẹ fún un jù nìyẹn."

"Ọ̀gá, páìpù yẹn ló tọ́ jù."

Mo ṣàlàyé fún un pé nílé-iṣẹ́ tí mo ti wá, páìpù tó bá ń lọ sára ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, wọ́n máa ń ká a róbótó kó tó wọlé, kó lè rí àyè mì. Ilé inú Ìkọ̀tún kì í rìn. Èyí ń rìn, kòtò ń jù ú, ẹ̀rọ ìta náà tún ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, páìpù tó tọ́ ṣangílítí ò ní ibi tó máa sá sí.

"Ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá sílé!" Ọ̀gá pariwo. "Ẹ̀yin àgbàlagbà yìí, ẹ fẹ́ ká páìpù bí ìgbín lójú gbogbo ayé, kí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù Kàmọ́rù ló ti wá? Ẹ gbàgbé ẹ̀!"

Ó ní òun máa ṣe é fúnra òun. Mo gbà pé fíríìdọ̀mù mi ti lọ. Ó ṣe é lóòótọ́, páìpù náà tọ́ ju tèmi lọ, ó rẹwà gan-an. Lẹ́yìn náà, ó ní ká fa ilé náà lófìfo lọ sójú ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, torí kò sí kòtò Abẹ́òkúta tí kò sí níbẹ̀. Dádì Tóbi ń wakọ̀. Èmi àti ọ̀gá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń fa ilé náà, a kọjú sí páìpù. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá, wọ́n ń wò wá bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

A wọ kòtò kan, a jáde. A wọ òmíràn. Ẹ̀rọ ìta ń mì lọ sọ́tùn-ún, ògiri ilé ń mì lọ sósì, páìpù wà láàárín wọn bí ọmọ tí ìyá àti bàbá ń fà lọ́wọ́ lọ́tùn-ún lósì. Kò pẹ́ ni a gbọ́ "fììì". Gáàsì funfun tú jáde. Ọ̀gá gbá òrùlé ọkọ̀ pé kí Dádì Tóbi dúró.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan ibi tó là náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọkùnrin tó ń fi okùn wọn ayé, okùn ti já a kulẹ̀.

"Ó là lójú èmi gan-an," ó ní. Ó wò mí. "Báwo ni wọ́n ṣe máa ń ká a níbi iṣẹ́ yín yẹn?"

Mo fi ìgò gáàsì ká a. A máa ń fi páìpù bàbà tuntun wé ara ìgò náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wé gèlè fún ìyàwó, kí ó má bàa kán. Ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí mo parí, ó fi ojú kan wò ó, ó fi ojú kejì wò ó.

"Ìyípo yìí tóbi ju èkejì lọ. Ẹ tú u."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín, òun náà bẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tí a di ara wa mú kí a má bàa ṣubú. Ṣùgbọ́n mo tú u. Mo ká a títí gbogbo ìyípo rẹ̀ fi dọ́gba. A gbé e lọ Ìjẹ̀gùn, ó mì bíi rọ́bà, kò là. Kéèkì Ìjẹ̀bú lọ, ó gúnlẹ̀ láyọ̀, nígbà tí wọ́n sì padà délé tí mo fọwọ́ kan páìpù, ó tutù, ó ń làágùn.

Ọ̀gá ò tún sọ̀rọ̀ páìpù tó tọ́ mọ́, ó kàn ní kí n lọ mú ọjọ́ fíríìdọ̀mù mi. Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà ẹgbẹ́ pé sí ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Ráfíù wà níbẹ̀, Mọ́mì Tóbi gbé kéèkì wá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ọ̀gá Kàmọ́rù. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà gígùn fún mi, ó fún mi ní sípánà, gbogbo ilé ṣe àmín. Mo dìde, mo ń gbọn eruku.

Ìgbà yẹn ni mo rí i tó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú mi, nínú epo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ sáré fẹ́ gbé e dìde, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

"Ọ̀gá ti ṣe tirẹ̀," ó ní. "Àbúrò yín ló wà nílẹ̀ yìí. Gbogbo bí mo ṣe fi ẹnu yìí bú yín, ẹ ò fi sínú. Ẹ ṣàdúrà fún mi, Bàbá Ráfíù."

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo la ẹnu pé kí n wúre, ẹkún ló jáde. Ìyá Ráfíù ló wá gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé tèmi, òun ló bá mi ṣe àdúrà náà parí.